Àwọn tí oró ń bá jà ló yẹ kí a kọ́ ní iṣẹ́ wíwá aporó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ èrò mi lórí ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí tiwa. Apòògùn ni mí, ẹ̀kọ́ nípa májèlé àti aporó ni mo sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún 2025 tí ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gé ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti inú àwọn ẹ̀yà tí wọn kò tíì pọ̀ nídìí iṣẹ́ ìwádìí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa kan pé ìjà àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn, kò kàn wá. Èmi gbà pé ó kàn wá gan-an, pàápàá jù lọ ní ẹ̀ka kan tí ìròyìn kì í sábà dé, ìyẹn ẹ̀ka àwọn tó ń wá oògùn tí a lè fi dóòlà ẹ̀mí ẹni tí kẹ́míkà olóró bá kọlù.

Ní ọdún 2006 ni NIH, àjọ tó ń bójú tó ìwádìí ìlera fún ìjọba Amẹ́ríkà, dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní CounterACT. Iṣẹ́ ètò náà ni láti fún àwọn ilé ìwádìí yunifásítì lówó kí wọ́n lè wá oògùn fún àwọn kẹ́míkà tí ọ̀tá lè fi pa ará ìlú, tàbí tí jàǹbá ilé iṣẹ́ àti ti ọkọ̀ akẹ́rù lè tú dà sí ìgboro. Kì í ṣe àlá ni ẹ̀rù náà ti wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1995, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tí ń jẹ́ Aum Shinrikyo tú oró sarin sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ìlú Tokyo. Ó lé ní ènìyàn méjìlá tó kú, àwọn tó lé ní 5,000 sì wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kẹta ọdún 1988, ìjọba Saddam Hussein ti fi kẹ́míkà pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Kurd ní ìlú Halabja ní ilẹ̀ Ìráàkì. Ti Bhopal ní ilẹ̀ Íńdíà kò tilẹ̀ ní ogun nínú: ní òru kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, gáàsì jò ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn apakòkòrò, ó bá àwọn ènìyàn lójú oorun, wọ́n sì kú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún.

Mo mẹ́nu ba oògùn apakòkòrò nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa. Gerhard Schrader, ará Jámánì, ló ń wá oògùn tí yóò pa kòkòrò inú oko ní ọdún 1936 tó fi ṣàdédé bá tabun pàdé, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn oró tó ń ba iṣẹ́ iṣan ara jẹ́. Inú ìdílé kan náà ni sarin ti wá, inú rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tí a ń tà lọ́jà ti wá. DDVP tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper, tí àwọn ènìyàn ń fín sí yàrá nítorí ẹ̀fọn àti ìdun, ọmọ ìyá sarin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti sarin. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà gbangba àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, ṣùgbọ́n ìròyìn àwọn tó fín in tí wọ́n sì sùn sínú yàrá náà kò tíì wọ́n nínú ìwé ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn àgbẹ̀ tó ń pò ó láìbọ ọwọ́, àti ti àwọn ọmọdé tó rí i nínú ìgò omi tí kò ní àkọlé kankan lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí àwọn oró ìdílé yìí ń ṣe nínú ara, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tí à ń wá oògùn sí. Nígbà tí iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ bá fẹ́ rán ẹran ara níṣẹ́, kẹ́míkà kan tí à ń pè ní acetylcholine ló ń tú jáde láti jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí ó bá ti jẹ́ ẹ tán, ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ tó ń gbá a kúrò lójú ẹsẹ̀, bí ẹni ń gbá àgbàlá kí àlejò mìíràn tó dé. Ẹ́ńsáìmù yìí ni oró náà ń so lọ́wọ́ so lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kó dópin kò wá ní dópin mọ́. Itọ́ á máa dà, omi á máa jáde lójú, òógùn á bo gbogbo ara, ọmọlójú á sún kì bí ẹnu abẹ́rẹ́, àyà á kún fún omi, gìrì á mú un, èémí á sì dákẹ́.

Oògùn àkọ́kọ́ tí a ní fún un ni atropine, oògùn àtijọ́ tó wá láti ara ewéko. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wo ojú aláìsàn nìkan kó tó mọ̀ bóyá atropine ti ràn án. Á gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá omi ṣì ń hó nínú ẹ̀dọ̀fóró, á ka bí ọkàn ṣe ń lù sí, á sì ti ìka bọ abíyá láti mọ̀ bóyá òógùn ti gbẹ. Bí abíyá bá ṣì tutù tí àyà sì ń hó, oògùn kò tíì tó, dókítà á sì tún fi kún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gboyè pẹ̀lú ipò kìíní kò mọ èyí, nítorí pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti pàdé májèlé.

Oògùn kejì ni pralidoxime, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti já ìdè tí oró fi so ẹ́ńsáìmù náà. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí i wà lára ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Láàbù David Nachmansohn ní Yunifásítì Columbia ní New York ni Irwin Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1955. Júù ni Nachmansohn, ilẹ̀ Jámánì ló sì gbé dàgbà; ní ọdún 1933 tí Hitler gorí àlééfà ló sá kúrò níbẹ̀. Ìjọba tó lé e lọ náà ni ó ń po tabun àti sarin nígbà tí ogun dé. Ẹni tí wọ́n sọ pé kò yẹ nínú yunifásítì wọn ló kó ilé ìwádìí tí aporó oró wọn ti jáde jọ sí ìlú mìíràn.

Ti Percy Julian, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, tún wá sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ, nítorí ẹ̀wà kan láti Kàlàbà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn Efik ń pe ẹ̀wà náà ní esere. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ tàbí ìpànìyàn kàn ni wọ́n ń fún ní esere jẹ: bó bá bì í, ó mọ́, bó bá kú, ó jẹ̀bi. Dókítà òyìnbó kan, William Daniell, ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1846, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé ẹ̀wà náà lọ sí Edinburgh, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison ti fúnra rẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún 1855, tí kò sì sí ohun tó kù kí ó kú. Ní ọdún 1864, àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ oró inú rẹ̀ jáde, ìyẹn physostigmine. Ẹ́ńsáìmù kan náà tí sarin ń dì ni physostigmine ń dì, àmọ́ òun a máa tú u sílẹ̀ tó bá yá. Èyí ló jẹ́ kí ó wúlò fún ìtọ́jú àìsàn ojú tí à ń pè ní glaucoma, èyí ló sì sọ ọ́ di ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà mọ bí iṣan ṣe ń bá ẹran ara sọ̀rọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò ó nínú láàbù. Robert Robinson ní Oxford, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́míkà láyé nígbà náà, ń gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é yọrí ní ọdún 1935, tó sì fi hàn pé ọ̀nà tí Robinson gbà kò tọ̀nà, ni Percy Julian, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Montgomery ní Alabama ní ọdún 1899, tó jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrú. Ní ìlú tí wọ́n ti bí i, ìjọba kò pèsè ilé ẹ̀kọ́ tó tó fún ọmọ aláwọ̀ dúdú. Harvard fún un ní oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1931. Lẹ́yìn iṣẹ́ ẹ̀wà Kàlàbà tí òun àti Josef Pikl, ọmọ ilẹ̀ Austria, ṣe ní Yunifásítì DePauw, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò gbà á sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó wá lọ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Chicago. Nígbà tó ra ilé sí Oak Park ní ọdún 1950, wọ́n dáná sun ún kó tó kó wọ̀ ọ́, lọ́dún kejì wọ́n tún ju ohun abúgbàù sí i. Ọdún 1973 ni Àjọ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó yàn án sí àárín wọn, ọdún méjì péré ṣáájú ikú rẹ̀.

Mo fa ìtàn náà gùn nítorí ohun tó ti ara rẹ̀ jáde. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ṣe ní àwòṣe physostigmine ni pyridostigmine. Òun ni wọ́n kó fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà ogun Gulf ní ọdún 1991 kí wọ́n máa lò ó ṣáájú, kí oró soman, tó jẹ́ ẹbí sarin, má bàa rí ẹ́ńsáìmù ara wọn dì pa tán bí ọ̀tá bá tú u. Ní ọdún 2003 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lábẹ́ òfin tó gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rí karí ẹranko nìkan, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó lè fún ènìyàn ní sarin jẹ láti fi dán oògùn wò.

Mo ní kò sí ẹni tó lè ṣe é, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ: ó ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú oró mìíràn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 60,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni wọ́n lò fún ìdánwò gáàsì mustard àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ya àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ Puerto Rico, àti àwọn tó jẹ́ ìran Japan sọ́tọ̀ nínú wọn láti mọ̀ bóyá awọ ara wọn lè gba oró náà ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Wọ́n tì wọ́n mọ́ inú yàrá tí gáàsì wà, awọ ara wọn bó, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan dókítà tó ń tọ́jú wọn. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ti wà nínú ìwádìí kẹ́míkà olóró láti ìgbà yẹn, kìkì pé orí ibùsùn ni wọ́n wà, wọn kò sí nídìí tábìlì. Ohun tí àwọn ètò tí wọ́n gé yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń sanwó oṣù fún ọ̀dọ́, wọ́n ń fún un láyè ní láàbù fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n sì ń fi í sábẹ́ àgbà onímọ̀ tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń bi ìbéèrè tirẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí òbí wọn kó lọ sí Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ti jàǹfààní rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ni kí wọ́n mú, kí wọ́n má wo àwọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Mo tilẹ̀ gbà pé irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ kan wà níbi gbogbo tí kò ju kí wọ́n to akẹ́kọ̀ọ́ jọ, kí wọ́n ya fọ́tò wọn, kí gbogbo wọn sì túká. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè bóyá mímọ̀ ọ́n ṣe ni DePauw wò nígbà tó kọ Julian. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí ènìyàn ti wá wà lára ohun tó mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, ni ẹ̀rí mi.

Àwọn dókítà òyìnbó ti ń rí àwọn aláìsàn kan ní ilẹ̀ wa tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Nígbà tí Osuntokun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọn kò dúró sí wọ́ọ̀dù UCH. Wọ́n lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́, wọ́n wo ohun tí àwọn ènìyàn ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́, iye ìgbà tí gàrí àti púpurù nìkan ń wà nínú abọ́ láìsí ẹja. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1968 tọ́ka sí sayanáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa. Ní ọdún 1970, wọ́n ti dán hydroxocobalamin, tó jẹ́ irú fítámì B12 kan, wò lára àwọn aláìsàn náà, wọ́n sì fi òtítọ́ inú kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wo àìsàn náà sàn. Àìsàn tó ti pẹ́ lára yàtọ̀ sí májèlé òjijì. Oògùn kan náà yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 gẹ́gẹ́ bí aporó fún ẹni tí sayanáìdì bá kọlù lójijì, irú bí ẹni tó fa èéfín ilé tó ń jó símú. Sayanáìdì wà lára àwọn kẹ́míkà tí CounterACT ti náwó lé lórí. Ìbàdàn ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kí CounterACT tó ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú yín lọ sí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ àwọn, ojú wọn ṣókùnkùn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹlòmíràn ti kú. Àwọn tó kú lé ní 15. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ojúbọ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ rò pé oògùn apakoríko ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní LUTH ló wá fi hàn pé methanol ni, nínú ògógóró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí irú rẹ̀ tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol ní aporó tí a mọ̀ dunjú, tí dókítà lè lò bí aláìsàn bá tètè dé, ṣùgbọ́n aporó kò lè dé ibi tí a kò ti mọ oró. Mi ò bá àwọn tó dárúkọ Málòkun wí. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n wá ìdí rẹ̀ sí. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí onímọ̀ májèlé kan nítòsí, tó gbọ́ Ìkálẹ̀, tó mọ ibi tí wọ́n ń pọn ògógóró, tó lè lọ gba ìgò kan lọ́wọ́ ìyá olọ́tí ní ọjọ́ kìíní láìsí pé ẹnikẹ́ni sá fún un.

Àwọn tó ń ṣe oògùn fún ogun náà nílò irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà ní Michigan fi hàn ní ọdún 2020 pé ó ń tan dókítà jẹ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ọjọ́ tí gáàsì kílórínì bá tú sí àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé. Ní ti pralidoxime tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú àpótí ológun ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ìdánwò tó jinlẹ̀ lára ènìyàn. Wọ́ọ̀dù àwọn àgbẹ̀ ní Íńdíà àti Sri Lanka ni ìdánwò náà ti wá ṣeé ṣe: ti Íńdíà ní ọdún 2006 ní ó ṣe àǹfààní tí wọ́n bá fún aláìsàn ní púpọ̀ láìdáwọ́ dúró, ti Sri Lanka ní ọdún 2009 ní òun kò rí àǹfààní kankan. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo oko kòkó àti oko ẹ̀wà rẹ̀, yẹ kó ní ohun tí yóò sọ sí i.

Bákan náà ni ohun tí wọ́n bá rí nídìí ogun ṣe ń wúlò fún ẹni tí kò mọ ogun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn onímọ̀ ní Oxford ṣe oògùn kan fún oró lewisite, oògùn náà sì ń fa àsẹ́nìkì àti òjé jáde lára. Nígbà tí òjé inú iyẹ̀pẹ̀ wúrà pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara ní ọdún 2010, DMSA, tó jẹ́ àbúrò oògùn yẹn, ni àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ oníṣègùn àgbáyé tó ń ṣe ìrànwọ́, fi tọ́jú àwọn tó kù. Abẹ́rẹ́ midazolam tí CounterACT bá wọn náwó sí ìwádìí rẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, ń dá gìrì dúró kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó ní wárápá lásán ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù lónìí.

Ẹ̀rù tí mo tún máa ń gbọ́ ni pé ẹni tí a bá kọ́ ní aporó ti mọ oró náà, ó sì lè lò ó fún ibi. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn ni. Ọ̀pọ̀ láàbù yunifásítì kì í fojú kan sarin rárá. Àwọn èyí tí agbára wọn kéré ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ibùdó díẹ̀ tí ìjọba ń ṣọ́ ló sì ní àṣẹ láti fọwọ́ kan oró gidi. Àdéhùn àgbáyé tó fòfin de ohun ìjà kẹ́míkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, tí Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀, fàyè gba ìwádìí tó jẹ́ ti ààbò. OPCW tó ń mú àdéhùn náà ṣẹ ní ètò tó ń kọ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà láti ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ àti láàbù tuntun kan nítòsí ìlú The Hague ní ọdún 2023. Àwọn ọmọ wa kò béèrè rẹ̀ tó.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí Amẹ́ríkà bá ti ilẹ̀kùn, àwọn yunifásítì wa ní ilé ẹ̀kọ́ nípa oògùn, ti kẹ́míkà àti ti ìtọ́jú ẹran, TETFund sì ń fún wọn lówó ìwádìí. Ohun tí mo ń fẹ́ ni ètò kan tí yóò mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé àgbẹ̀, láti etí omi Ìlàjẹ, láti ìdílé àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, tí yóò sanwó fún wọn láti lo ọdún kan gbáko ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì kí wọ́n tó wọ láàbù, tí yóò sì jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀ràn májèlé tí wọ́n bá rí sílẹ̀: irú oró wo, aago mélòó ni aláìsàn dé, oògùn wo ló gbà, báwo ló ṣe parí. Láìsí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kò ní mọ ohun tó ń pa wá, kí á tó wá sọ ti oògùn rẹ̀.

Bí kọmíṣánnà ètò ìlera kan bá ka lẹ́tà yìí, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ oko kòkó jù lọ ní ìpínlẹ̀ wọn, kí wọ́n wádìí iye abẹ́rẹ́ atropine tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀ lónìí, àti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru tó mọ̀ pé abíyá ni a ń fọwọ́ kàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Apòògùn àti olùkọ́, Ìbàdàn